Bí A Ṣe Ń So Bátìrì Mọ́ Ẹ́ńjìnnì Oníná Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Láìsí Ewu

Ojú ìwé yìí ni a yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bátìrì ni a fẹ́ sọ, pàápàá bátìrì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré oníná tó ń ti ọkọ̀ lójú omi.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, "Kí ló kan ọmọ ilé-kéwú kan bátìrì ọkọ̀ ojú omi?" Èsì wa kò gùn. Etí ọ̀sà ni púpọ̀ nínú wa ti wá. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, láti Mákòkó dé Bàdágìrì, omi ni ọ̀nà wa, omi ni ọjà wa, inú omi náà sì ni àwọn òbí ẹlòmíràn nínú wa ti ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́. Bí nǹkan tuntun bá wọ inú ọkọ̀ tó ń gbé wa, ó yẹ kí á mọ oore tó lè ṣe fún wa àti ibi tó lè fi ṣe wá.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ apẹja kan tó jẹ́ aládùúgbò wa, a ń sọdá ọ̀sà padà sílé. Ọkọ̀ fáíbà ni. Bàbá náà ti gbé ẹ́ńjìnnì oníná kékeré kan sí ìdí rẹ̀ nítorí ọ̀wọ́ngógó epo bẹntiróò. Ó gbé bátìrì méjì síwájú kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fa wáyà gba abẹ́ páákó ìjókòó títí dé ìdí ọkọ̀. Wáyà tí a fi ń fa iná sínú ilé ni. Kò sí fíúsì, kò sí súìṣì. Kẹ́ẹ̀gì epo ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì níbẹ̀.

Bàbá ti ń ráhùn láti ìgbà tí a ti gbéra pé ẹ́ńjìnnì náà kò sáré mọ́. Ó ní bátìrì ló rẹ̀. Nígbà tí a dé àárín omi, a gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Kí á tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èéfín ti bo abẹ́ páákó, iná sì sọ pàà. Bàbá fi ọwọ́ lásán gbá wáyà mú láti yọ ọ́ kúrò lórí bátìrì, bó ṣe jó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àjẹ̀ ni ó padà fi gbá a kúrò. A wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú àjẹ̀ kan ṣoṣo títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá rìn ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí i, ibi kẹ́ẹ̀gì epo ni ìbá dé.

Nígbà tí a délé, a kò sinmi. A wá àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ iná lọ, a bi wọ́n léèrè, a kà, a sì wọ̀n ọ́n fúnra wa. Ohun tí a rí kọ́ ni a kó jọ síbí.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI ṢẸ̀ WÁ

Ọkọ̀ ojú omi tó ń lo iná mànàmáná kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1838, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Moritz von Jacobi fi ẹ́ńjìnnì oníná ti ọkọ̀ kan lórí odò Neva ní ìlú St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ sì wà nínú rẹ̀. Ní 1859, Gaston Planté ní ilẹ̀ Faransé ṣe bátìrì olójé àti ásíìdì, èyí tí a lè gba iná sí lẹ́yìn tí ó bá ti tán. Irú rẹ̀ náà ló wà nínú mọ́tò wa títí di òní. Nígbà tó di 1881, Gustave Trouvé gbé ẹ́ńjìnnì oníná kékeré kan tí ó ṣeé yọ sí ìdí ọkọ̀ lórí odò Seine ní Paris. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí à ń rí lóde òní, ọmọ ìyá èyí ni wọ́n.

Wọn kì í pariwo, wọn kì í rú èéfín, wọn kì í da epo sínú omi, wọn kì í sì lé ẹja sá. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi ń fẹ́ wọn. Àléébù tiwọn ni pé ewu wọn kì í pariwo bákan náà. Epo tó ń jò máa ń rùn kí ó tó gbiná. Wáyà tó ń gbóná lábẹ́ páákó kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi nígbà tó bá ti pẹ́ jù.

FÓLTÌ ÀTI ÁŃPÍÀ

Kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí á mọ ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí á fi ṣe àpèjúwe omi inú táǹkì. Agbára tí omi fi ń tì láti òkè ni fóltì. Ìwọ̀n omi tó ń gba inú páìpù kọjá ni áńpíà. Bí a bá sọ fóltì di ìlọ́po áńpíà, ohun tí a ó rí ni wáàtì, ìyẹn agbára iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo fóltì 12, tó sì ń fa áńpíà 50 nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, wáàtì 600 ni ó ń lò. Bí ẹ́ńjìnnì bàbá yẹn ṣe rí nìyẹn.

Inú bátìrì olójé kọ̀ọ̀kan, ilé mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóltì 2 wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní fóltì 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ó bá kún tí ó sì ti sinmi, tẹ́sítà máa fi nǹkan bíi 12.7 hàn. Bí ó bá ti kù sí ìdajì, a ó rí nǹkan bíi 12.2.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé, "Fóltì 12 kò lè pa èèyàn." Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Fóltì 12 kò lágbára láti gba inú awọ gbígbẹ wọlé kí ó gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n bí irin bá so orí bátìrì méjèèjì pọ̀, iná tó ju áńpíà 1000 lọ lè gba inú irin náà lẹ́ẹ̀kan náà. Sípánà á pọ́n bí ẹyin iná, òrùka ọwọ́ á jó ìka, wáyà á di iná. Kì í ṣe gbígbé ni bátìrì fi ń pa èèyàn, jíjó ni.

IRÚ BÁTÌRÌ TÓ YẸ

Bátìrì mọ́tò kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú omi oníná. Bátìrì mọ́tò ní òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú. A ṣe é láti tú iná púpọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí a bá fẹ́ sí mọ́tò, kí ó sì gba iná padà lójú ẹsẹ̀. Bí a bá ń lò ó gbẹ léraléra, kò ní pẹ́ tí yóò fi kú. Èyí tí a fẹ́ ni irú tí àwọn tó ń lo sólà àti ínfátà ń rà, tí òjé inú rẹ̀ nípọn, tí ó sì lè fara da kí a máa lò ó fún wákàtí púpọ̀. Èyí náà kò fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì kí a tó gba iná sí i padà.

Bátìrì tí a kọ 100 Ah sí lára kò túmọ̀ sí pé yóò fún wa ní áńpíà 50 fún wákàtí 2 gbáko. Wákàtí 20 ni wọ́n sábà fi ń wọn nọ́ńbà yẹn: áńpíà 5 fún wákàtí 20. Bí a bá ṣe ń fa iná kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a ó rí gbà lápapọ̀ ń dín kù. Bátìrì olójé 100 Ah kan tí a kò fẹ́ kí ó kọjá ìdajì kò ní gbé ẹ́ńjìnnì áńpíà 50 dé wákàtí kan bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Bí a bá rọra ń lọ ní áńpíà 15, ó lè tó wákàtí 3. Ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ó ṣírò ìrìn àlọ àti àbọ̀ pọ̀, kí ó sì fi kún un fún atẹ́gùn tó lè kọjú sí i.

Ní ti bátìrì lítíọ́ọ̀mù, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ó fúyẹ́, fóltì rẹ̀ jẹ́ 12.8, a sì lè lò ó kọjá ìdajì dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ aṣọ́bátìrì nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní BMS, tí ń gé iná nígbà tí ó bá gbóná jù tàbí tí a bá lò ó jù. Ẹ sá fún bátìrì tí wọ́n fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù tò jọ sínú ike. Kò sí ẹni tó mọ bí ìyà tó ti jẹ ṣe pọ̀ tó kí ó tó dé ọwọ́ yín.

SÍRÍÌSÌ ÀTI PÁRÁLÉÈLÌ

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà so bátìrì méjì pọ̀, ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ló sì ń ti ibẹ̀ wá.

(1) Páráléèlì: a ó so pọ́sítíìfù (+) mọ́ pọ́sítíìfù, a ó sì so nẹ́gétíìfù (−) mọ́ nẹ́gétíìfù. Fóltì kò yí padà, 12 ló ń jẹ́ síbẹ̀. Ìwọ̀n iná tó wà nílẹ̀ ni yóò di ìlọ́po méjì: 100 Ah méjì di 200 Ah. Nígbà tí a bá fẹ́ fa wáyà lọ sí ẹ́ńjìnnì, kí á mú pọ́sítíìfù láti ara bátìrì kìn-ín-ní, kí á sì mú nẹ́gétíìfù láti ara ìkejì, kí ẹrù lè pín dọ́gba fún àwọn méjèèjì. Bí a bá mú méjèèjì lára ọ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan ni yóò máa ṣiṣẹ́ jù, òun ni yóò sì kọ́kọ́ kú. Kí á tó so wọ́n, ó yẹ kí á gba iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kún. Bí ọ̀kan bá kún tí ìkejì sì gbẹ, iná ńlá ni yóò ya láti inú ọ̀kan sínú ìkejì lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fojú kanra.

(2) Síríìsì: a ó so pọ́sítíìfù bátìrì kìn-ín-ní mọ́ nẹ́gétíìfù ìkejì pẹ̀lú wáyà kúkurú kan. Orí méjì tó kù, ìyẹn nẹ́gétíìfù ìkìn-ín-ní àti pọ́sítíìfù ìkejì, ni yóò lọ sí ẹ́ńjìnnì. Fóltì á di 24, ṣùgbọ́n 100 Ah kò kúrò ní 100 Ah. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ 24V sí lára nìkan ni a lè ṣe èyí fún. Bí a bá fi 24 sí ẹ́ńjìnnì fóltì 12, a ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: nínú síríìsì, wáyà kúkurú kan ṣoṣo ló wà láàárín bátìrì méjì. Ẹni tó bá fi ìkejì kún un, tó tún so orí méjì tó kù pọ̀ mọ́ ara wọn, ó ti pa bátìrì méjèèjì pọ̀, iná á sì sọ lójú ẹ̀. Nínú páráléèlì, ẹni tó bá yí orí bátìrì kan padà, tó so pọ́sítíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù ní apá méjèèjì, irú ìjàǹbá kan náà ni.

Ọ̀nà yòówù kí á gbà, kí àwọn bátìrì jẹ́ irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Ẹ má ṣe so tuntun mọ́ àlòkù, ẹ má sì ṣe so olójé mọ́ lítíọ́ọ̀mù. Tí ó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, kí á ka ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n gbà kí á so ó ní síríìsì, nítorí kì í ṣe gbogbo BMS ló lè fara dà á. Bákan náà, tí a bá ti so méjì di 24, ẹ má ṣe mú iná fóltì 12 fún gílóòbù tàbí rédíò láti ara ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀kan á máa gbẹ ju ìkejì lọ, àwọn méjèèjì á sì bàjẹ́.

WÁYÀ: IBI TÍ ỌKỌ̀ BÀBÁ TI GBINÁ

Ìwọ̀nyí ni ìṣírò tó là wá lójú. Láti bátìrì iwájú dé ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ bàbá, mítà 5 ni. Nítorí pé iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, mítà 10 wáyà ni a ó kà. Wáyà 2.5 mm ni bàbá lò. Bí áńpíà 50 bá gba inú rẹ̀, fóltì bíi 3.4 ló ń ṣòfò sójú ọ̀nà, wáàtì bíi 172 sì ń di ooru lára wáyà náà. Bí ẹni tan gílóòbù wáàtì 60 mẹ́ta mọ́ abẹ́ páákó ni.

Ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe bátìrì ló rẹ̀, wáyà ló ń jẹ iná náà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ó ti ń gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ rọ̀, ó yọ́ níbi tí páákó ti tẹ̀ ẹ́, bàbà pọ́sítíìfù àti ti nẹ́gétíìfù sì fojú kanra. Níbi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí a bá lo wáyà 16 mm ní mítà kan náà, òfò náà á dín kù sí fóltì 0.5 ó lé díẹ̀, ooru á sì dín kù sí nǹkan bíi wáàtì 27, tí yóò tàn ká gbogbo mítà 10. Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti fóltì 24, tó ń ṣe iṣẹ́ wáàtì 600 kan náà, áńpíà 25 péré ni yóò fà, ooru ara wáyà yẹn á sì dín sí nǹkan bíi wáàtì 7. Àǹfààní fóltì 24 nìyẹn. Bí a bá dín áńpíà kù sí ìdajì, ooru máa ń dín kù sí ìdámẹ́rin.

Kí wáyà jẹ́ bàbà gidi. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bàbà ni wọ́n kùn lé alumíníọ́ọ̀mù lórí. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á wò: bí inú rẹ̀ bá funfun fòò, tí ó sì fúyẹ́, ẹ ṣọ́ra. Kí ó jẹ́ oníṣẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, tí ó ṣeé tẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi máa ń mì, wáyà oníṣẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì kán. Fún omi oníyọ̀, irú èyí tí wọ́n kun tánganran sí lára bàbà ló ń pẹ́ jù. Kí á fi lọ́ọ̀gì, ìyẹn orí bàbà oníhò, tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì wọ ara dáadáa. Ẹ má ṣe lọ́ wáyà lásán mọ́ orí bátìrì. Ibi tí kò bá le, á máa ta pàrà, á sì máa gbóná.

FÍÚSÌ ÀTI SÚÌṢÌ

Fíúsì ni ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ó ń ṣọ́ ní pàtàkì, wáyà ni ó ń ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, lórí pọ́sítíìfù. Bí fíúsì bá wà ní ìdí ọkọ̀ lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, gbogbo mítà 5 tó wà láàárín kò ní aláàbò. Ìlànà ABYC tí àwọn akan-ọkọ̀ ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà fi í sí ínṣì 7 sí orí bátìrì, ó sì gbà kí ó jìn sí i bí wáyà bá wà nínú páìpù tó bò ó.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Kí ó ju ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fà lọ díẹ̀, kí ó má sì ju ohun tí wáyà lè gbé lọ. Fún ẹ́ńjìnnì áńpíà 50 lórí wáyà 16 mm, fíúsì 60 dára. Bí fíúsì bá ń já, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣó tàbí wáyà dípò fíúsì dà bí ẹni tó lé ọlọ́dẹ lọ nítorí pé ó ń pariwo olè.

Ẹ má ṣe lo bíríkà tí a fi ń dáàbò bo iná ilé. Iná ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń kan òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òdo yẹn ló ń bá bíríkà ilé pa iná tó ń ta nínú rẹ̀. Iná bátìrì kì í kan òdo. Ó lè máa jó nínú bíríkà náà lọ lẹ́yìn tí ó ti là. Èyí tí wọ́n kọ DC sí, tí wọ́n sì ṣe fún fóltì yín, ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn fíúsì, kí súìṣì ńlá kan wà tí awakọ̀ lè na ọwọ́ pa láìdìde. Bí bàbá bá ní i ni, ìbá má fi ọwọ́ lásán kan iná.

IBI TÍ BÁTÌRÌ YÓÒ JÓKÒÓ

Bí a bá ń gba iná sí bátìrì olójé, afẹ́fẹ́ háídírójìn máa ń jáde. Bí ó bá tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú àpótí, ìtapàrà kékeré lè mú un bú. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ wa lọ, òkè ló ń lọ, nítorí náà òkè àpótí bátìrì ni kí ihò rẹ̀ wà. Kí àpótí náà ní ìdérí, kí á sì fi okùn dè é mọ́ ọkọ̀ kí ó má yí. Kí á fi rọ́bà bo orí pọ́sítíìfù. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Omi ọ̀sà wa ní iyọ̀ nínú, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi oníyọ̀ bá wọ inú bátìrì olójé, afẹ́fẹ́ kulorín, tó ń pa ẹ̀dọ̀fóóró, lè jáde. Àwọn atukọ̀ abẹ́ omi ìgbà ogun àgbáyé mọ ewu yìí dáadáa. Nítorí náà, kí bátìrì ga kúrò nílẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi ti ń dúró. Bí omi inú bátìrì bá lọ sílẹ̀, omi bátìrì tí kò ní iyọ̀ nìkan ni kí ẹ bù kún un.

BÍ A ṢE Ń SO Ó NÍ ẸSẸẸSẸ

(i) Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti aago ọwọ́. Ẹ fi téèpù yí ọwọ́ sípánà ká títí ó fi ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ wọ ohun tó ń bo ojú.

(ii) Ẹ yọ fíúsì, ẹ pa súìṣì. Ẹ gbé bátìrì sínú àpótí, ẹ dè é.

(iii) Ẹ so wáyà kúkurú àárín bátìrì, yálà ti síríìsì tàbí ti páráléèlì. Ẹ dúró. Ẹ fi tẹ́sítà wọ̀n ọ́n lórí méjèèjì tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì. Páráléèlì tó kún yóò fi nǹkan bíi 12.7 hàn, síríìsì á fi nǹkan bíi 25.4 hàn. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, tàbí tí àmì àyọkúrò bá wà níwájú rẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú.

(iv) Ẹ so pọ́sítíìfù gba ilé fíúsì, gba súìṣì, dé ẹ́ńjìnnì. Nẹ́gétíìfù ni kí ẹ so kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ń tú u, nẹ́gétíìfù ni kí ó kọ́kọ́ kúrò.

(v) Ẹ fi fíúsì sí i, ẹ tan súìṣì, kí ẹ sì dán ẹ́ńjìnnì wò nínú omi létí èbúté. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ pa á, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ gbogbo ibi tí a ti so. Ibi tó bá gbóná ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kò le. Ẹ tún un ṣe.

GBÍGBA INÁ SÍ I

Orí ilẹ̀ ni kí á ti gba iná sí bátìrì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má ṣe fa iná ilé tàbí ti jẹnẹrétọ̀ wọ inú ọkọ̀ tó wà lórí omi. Iná fóltì 220 àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èyí gan-an ni ó ń gbé èèyàn pa. Ṣájà gbọ́dọ̀ bá irú bátìrì mu: ti olójé fún olójé, ti lítíọ́ọ̀mù fún lítíọ́ọ̀mù. Ẹ so ṣájà mọ́ bátìrì kí ẹ tó tan án, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó yọ ọ́, kí ó má baà ta pàrà níbi tí háídírójìn wà. Sìgá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

BÍ ÌJÀǸBÁ BÁ ṢẸLẸ̀

Bí èéfín bá yọ, súìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Kí ohun èlò ìpaná oníyẹ̀fun kékeré wà nínú ọkọ̀. Bí ásíìdì bá ta sí ojú, ẹ fi omi tútù tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá dà sílẹ̀ ọkọ̀, sódà tí àwọn olùṣe àkàrà òyìnbó ń lò máa ń pa agbára rẹ̀. Kí àjẹ̀ méjì wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, kí olúkúlùkù sì wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà kí a tó gbéra. Èyí tí a fi ṣe ìrọ̀rí ìjókòó kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ọ̀RỌ̀ ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọwọ́ bàbá ti jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpá rẹ̀ kò parẹ́. A jọ tún ọkọ̀ náà ṣe ni. Wáyà 16 mm ló wà níbẹ̀ báyìí, fíúsì 60 wà lẹ́nu bátìrì, súìṣì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo sì ti kúrò. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, bàbá ní ọkọ̀ náà ń sáré bí ẹni tó gba bátìrì tuntun. A sọ fún un pé bátìrì àtijọ́ náà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo fi owó wáyà ṣe èrè nígbà yẹn."

Owó tó wà láàárín wáyà tó tínrín àti èyí tó nípọn kò tó ohun tí èèyàn fi ń fi ẹ̀mí wéwu. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí wọ́n so bátìrì rẹ̀ bí ti ìgbà náà, ẹ má ṣe bú ẹni tó ni ín. Ẹ fi ohun tí ẹ kà níbí hàn án, kí ẹ sì bá a dá sí i. Níbi ni a ó ti dánu dúró. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ wa lọ, kí ó máa ṣọ́ wa bọ̀. Ó dìgbà kan ná.